Eérú, Tẹ̀tẹ̀ àti Èékánná Ìyá Mi

Títí di bí ọdún méjì sẹ́yìn, n kò rántí ọjọ́ kan tí ìyá mi bi mí pé kí ló wà nínú oúnjẹ tí mo gbé fún wọn. Bí mo bá ra oògùn ibà wá, wọ́n á ti gbé e mì kí n tó sọ iye tó yẹ kí wọ́n lò. Bí mo bá ra ẹran bọ̀ láti Ìkirè, inú ìkòkò ló ń lọ tààrà, wọn kì í gbóòórùn rẹ̀ wò. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Àpòmù máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá gbé òkúta lé wọn lọ́wọ́, iyọ̀ nìkan ni wọ́n máa béèrè. Ìyá mi á ní, "Ọmọ tí mo fún lọ́mú, ṣé òun ló máa wá fún mi ní májèlé?" Gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo kà nílé ìwé gíga. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń tà tí wọ́n tún ń pe ara wọn lẹ́jọ́ lé lórí. Ilẹ̀ tí à ń gbin nǹkan sí ni mo ń wí. Mo wá iṣẹ́ títí bàtà mi fi lu. Nígbà tó sú mi, mo gba iṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé aládàáni kan ní Ìkirè, mo gba yàrá kan síbẹ̀, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń lọ bá ìyá mi ní Àpòmù. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ìyá mi ní oko tiwọn lójú ọ̀nà Ìkòyí, èyí tí bàbá tó bí wọn lọ́mọ fún wọn, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ oko yẹn ṣeré. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ tó dà bí irin tó ti dípẹtà ló kún inú rẹ̀.

Bí mo ṣe wà nìyí tí ọmọbìnrin kan fi dé láti yunifásítì kan n'Íbàdàn, tó ń ṣe ìwádìí tó máa fi gboyè ọ̀mọ̀wé. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, nítorí náà n óò máa pè é ní "ó" níbí, ṣùgbọ́n lójúkojú, "ẹ" ni mo ń bá a sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí òun ni ọ̀gá, òun ló gbà mí síṣẹ́. Ohun tó ń wádìí ni bí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní sẹlẹ́níọ̀mù ṣe ń ṣe nínú ilẹ̀ àti nínú irúgbìn. Ara ènìyàn nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bíńtín ni. Bí kò bá tó, ara kì í lè gbógun ti àìsàn bó ṣe yẹ. Bó bá pọ̀, májèlé ni, ìwọ̀n tó dára àti ìwọ̀n tó burú kò sì jìnnà síra. Inú ilẹ̀ ni irúgbìn ti ń rí i, inú irúgbìn ni àwa ti ń rí i jẹ.

Ó ṣàlàyé fún mi lábẹ́ igi kòkó pé ilẹ̀ bíi tiwa yìí, ilẹ̀ pupa tó kan, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, ahun ni lórí ọ̀rọ̀ sẹlẹ́níọ̀mù. Ó lè ní i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ara irin yẹn ni nǹkan náà máa lẹ̀ mọ́, gbòǹgbò kò ní í rí i fà. Ìgbà tí kíkan ilẹ̀ bá dín kù ló tó máa ń tú u sílẹ̀. Bó bá sì ti bọ́ sínú omi ilẹ̀, irúgbìn á máa mu ún láìmọ ìwọ̀n, torí kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí imí-ọjọ́ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ó ní ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè kan tí nǹkan náà ti pọ̀ jù, ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ koríko ibẹ̀ á máa re irun, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa là, ẹnu rẹ̀ á sì máa rùn bí aáyù. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín sí èyí tó kẹ́yìn yìí. Mo ní kí ló kan màlúù kan aáyù.

Nígbà tí mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n yọ̀ǹda abala kan nínú oko wọn fún wa, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

"Ṣé wọ́n á fún ọ níṣẹ́ gidi tó bá yá?"

"Bó bá yọrí sí rere, wọ́n á wá owó fún apá kejì, èmi ni wọ́n á sì fi ṣe alábòójútó."

"Ó dáa. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ odò. Ibẹ̀ ló dára jù."

A gbin àgbàdo. Ọ̀gá mi á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á wọn sẹlẹ́níọ̀mù náà, tó jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, á pò ó mọ́ omi, èmi á sì máa fi ìdérí kékeré kan dà á sídìí àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti ibẹ̀, ìyẹ̀fun tó bá sì ṣẹ́ kù gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ òun. Ìyá mi pa òfin náà mọ́ débi pé wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ ẹlòmíràn gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí èsì ewé dé láti láàbù, òfo ni. Ilẹ̀ ti di gbogbo rẹ̀ mú. Igun kan ṣoṣo ni àgbàdo ti mu ún dáadáa, ìyẹn ibi tí a ti kó pàǹtí jọ tí a sì dáná sun ún nígbà tí à ń ṣán oko. Ọ̀gá mi fi bàtà tú eérú tó kù níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, eérú ni. Ibi tí eérú bá wà, kíkan ilẹ̀ á dín kù, á sì jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé mi títí dòní, bírò búlúù ni mo fi kọ ọ́, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé pẹ̀lú irú èsì yìí, òun kò rò pé ẹnikẹ́ni máa dá owó lé apá kejì. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tilẹ̀ bẹ̀ mí. Ó ní òun á wá gé ewé lẹ́ẹ̀kan sí i lára àgbàdo àrọ̀kúrò, bóyá ó máa yàtọ̀, kí n bá òun tọ́jú ike ìyẹ̀fun tó kù sínú àpótí kí n sì tì í pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà mi kan. Inú máa ń tètè bí mi sí ohun tí kò lẹ́nu. Mo ti bá ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò ṣáná jà rí, mo ta á nípàá, èmi náà ni mo sì tiro dé ilé. Ilẹ̀ yẹn bí mi nínú. Mo ń wò ó bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń di iṣẹ́ mi mú. Mo ní bó bá jẹ́ pé ahun ni, n óò fún un títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi kún. Ní Sátidé kan tí ìyá mi lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, mo po gbogbo ìyẹ̀fun tó wà nínú ike, mo dà á sí poro mẹ́rin nídìí àgbàdo àrọ̀kúrò. Ohun tó yẹ kó kárí oko ńlá ni mo dà sí poro mẹ́rin. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé eku ló da ike náà nù. Ó bá mi wí, ó gbà mí gbọ́, ó gé ewé rẹ̀, ó sì lọ.

Ilẹ̀ gbé èyí náà mì. Èsì kejì fi díẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ènìyàn lè fi tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó padà s'Íbàdàn, èmi náà padà sídìí ṣọ́ọ̀kì mi. Nínú ọkàn mi, mo gbà pé òjò ti wẹ ìyókù lọ sódò.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì ń bọ̀, ìyá mi pè mí jókòó.

"Ṣé àwọn èèyàn rẹ ti ṣe tán pẹ̀lú ilẹ̀ mi?"

"Wọ́n ti ṣe tán, mà."

"Ṣé mo lè gbin nǹkan sí i?"

"Ẹ gbin ohun tó bá wù yín."

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ rí nínú ẹ̀ gan-an?"

"Wọ́n ní ó kan jù."

Wọ́n pòṣé. "Ṣé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́? Ilẹ̀ tó bá kan, eérú ló ń fẹ́. Ìyá mi ò ka ìwé kankan, wọ́n mọ ìyẹn."

Àbúrò ìyá mi obìnrin ní ilé ìdín-gàrí lẹ́yìn ọjà Àpòmù. Òkìtì eérú tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti rẹ̀ ló máa ń gbé àpò lọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sátidé mẹ́ta gbáko ni a fi kó eérú. Ọ̀kadà á gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà oko, láti ibẹ̀ ìyá mi á rù ú. Mo ní kí n rù ú, wọ́n ní olùkọ́ kì í ru eérú, pé kí n máa gbé e rù wọ́n ni. Èmi náà ni mo sì ń gbé e rù wọ́n. Eérú á bo ojú wọn, ìpéǹpéjú wọn á funfun, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọ́n ti di arúgbó ọ̀sán gangan.

Èrò ọmọ aráyé ni pé ẹni tó bá mọ nǹkan kì í gbàgbé rẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ọ̀rọ̀ eérú yẹn, mo ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbé e lé ìyá mi lórí ní Sátidé dé Sátidé láìrántí ohun kan.

Tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ odò. Láyé mi, n kò tíì rí irú tẹ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí a bá já a lónìí, yóò tún ti yọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọn kò tà á. Wọ́n ní àwọn á máa fi bọ́ àgbò Iléyá, àwọn náà á sì máa jẹ níbẹ̀. Ẹ̀bi mi tún wà nínú èyí. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, mo ti fi ìgbéraga akọ̀wé ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí ara wa kò rí jẹ tó ni à ń fi sí ilẹ̀ yẹn. Ìyá mi fi í sọ́kàn. Òfin ti kúrò lórí ilẹ̀, ọmọ àwọn ti ní kí àwọn gbin ohun tó bá wu àwọn, nítorí náà àǹfààní nìkan ló kù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, bí ẹni ń lo oògùn. Èmi kì í jẹ tẹ̀tẹ̀ láti kékeré. Ohun tó kó mi yọ nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n.

Àgbò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Owó iṣẹ́ ìwádìí yẹn ni mo fi rà á fún ìyá mi, inú wọn sì dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, irun ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń tiro. Pátákò ẹsẹ̀ iwájú là láti òkè wá, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Mo di ẹnu rẹ̀ mú kí ìyá mi lè da oògùn sí i lẹ́nu, mo sì gbọ́ òórùn kan, mo rò pé oògùn náà ló ń rùn. Àlùfáà àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní ẹran tó ń tiro bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pa láyà ọdún Iléyá. Ìyá mi sunkún. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọdún yìí ni àwọn ì bá kọ́kọ́ dúró ti ẹran ara àwọn. Àgbò náà kú kí ọdún tó kò. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín, mo sì ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi.

Lẹ́yìn ọdún, mo ṣàkíyèsí pé ìyá mi kì í bọ́ híjáàbù wọn mọ́, kódà nínú ilé. Wọ́n tún lé làálì sí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ó nípọn, ó dúdú, ó bo gbogbo èékánná. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ́kọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí mo bá rí olówó kan kí n mú un wá. Wọ́n ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sí ti ààwẹ̀. Ẹnu wọn ń rùn, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n fi ọwọ́ bò ó, wọ́n ní òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dùn mọ́ Ọlọ́run ju lọ́fínńdà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn kí n tó padà sí Ìkirè, bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n sì fẹ́ èémí ẹnu wọn sí mi lórí àti sí mi lójú. Aáyù ni. Ìyá mi kì í jẹ aáyù, wọ́n ní ó máa ń ru àwọn nínú. Kò sí hóró kan nínú ilé náà. Mo ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi lábẹ́ igi kòkó padà sí mi létí, irun, pátákò, aáyù, tẹ̀lé ara wọn. Mo wo ìka wọn tí làálì bò. Mo dìde, mo ní ó dàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé kí wọ́n kú, torí mo ti fi dá ara mi lójú pé bí wọn kò bá jẹ ẹ́ mọ́, ara wọn á bọ̀ sípò. Ẹ̀rù pé kí wọ́n mọ̀ ló bà mí. Mo dé yàrá mi, mo ṣí ìwé mi, mo rí ìlà méjì tí mo fà. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má jẹ tẹ̀tẹ̀ yẹn mọ́ o. Mo rí ewúrẹ́ tó ń tọ̀ sí i."

"Ewúrẹ́? Àwa tí à ń fi ìgbẹ́ adìyẹ gbìn ín? Omi iyọ̀ la fi ń fọ irú ẹ̀, jàre."

"Ẹ ṣáà má jẹ ẹ́, mà."

"Mo ti gbọ́."

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí ìyá mi bá ní àwọn ti gbọ́, etí nìkan ló gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa fóònù. Mo ní n óò lọ ní Sátidé, n óò hú gbogbo rẹ̀ dànù. Nígbà tí Sátidé dé, àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń ṣe ìdíje eré sísá, wọ́n ní kí gbogbo olùkọ́ dúró. Mo lè sọ pé rárá. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo rí nǹkan fi ṣe àwáwí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni ìyá mi sì fi ń fi omi iyọ̀ fọ tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, àbúrò wọn tó ni ilé ìdín-gàrí pè mí pé ọwọ́ ìyá mi kò lè di ṣíbí mú mọ́, pé wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdógán, wọ́n sì ń bì. Wọ́n ti ń gbé wọn bọ̀ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkirè. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun bọ́ híjáàbù. Ìyá mi di etí híjáàbù náà mú, wọ́n ń wò mí. Nọ́ọ̀sì rọra bọ́ ọ. Irun ìyá mi tí wọ́n máa ń di ní kọ̀lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti lọ. Ó kù díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, awọ orí wọn ń dán. Dókítà di ọwọ́ wọn mú, ó fẹ́ wo abẹ́ làálì, ó sì rọra tẹ èékánná ìka kẹta. Ó ṣí kúrò lára ìka, ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyá mi kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti ń jẹ. Wọ́n kà á fún un. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè bóyá ẹnì kan wà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, tó lè máa fi nǹkan sí oúnjẹ wọn.

Ìyá mi bínú. "Ta ló fẹ́ fún mi ní májèlé? N ò ní orogún, n ò bá èèyàn jà. Ọmọ mi yìí nìkan ni mo ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní, "Èmi ni."

Dókítà rò pé mo ń sunkún lásán. Mo tún un sọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ike, mo sọ ọ̀rọ̀ poro mẹ́rin, mo sọ irọ́ eku àti irọ́ ewúrẹ́, mo sọ ohun tí eérú ń ṣe. Mo sọ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀. Ojú dókítà ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí n kò lè wo ibòmíràn. Nígbà tí mo parí, ìyá mi ló sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí mo ń ru eérú, ṣebí o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Ìwọ lo gbé e rù mí."

"Èmi ni, mà."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Wọn kò bú mi, wọn kò sunkún. Bí wọ́n bá bú mi, mo rò pé ì bá rọrùn díẹ̀.

Mo pe ọ̀gá mi, ó bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì gba Aṣéjìrẹ́ kọjá wá lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó gba ìwé mi, ó wá ojú ewé yẹn, ó wo ìlà méjì tí mo fà, ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi. Ó jókòó ti ìyá mi títí di ìrọ̀lẹ́. Òun àti dókítà ní kò sí oògùn kan pàtó tó ń fa nǹkan náà jáde lára. Kí ìyá mi má jẹ tẹ̀tẹ̀ náà mọ́, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ mìíràn, kí á sì máa retí. Ọ̀gá mi ní a ò gbọdọ̀ fi eérú sí ilẹ̀ yẹn mọ́, ohunkóhun tó bá hù níbẹ̀, kí a gé e kúrò, kí a má fi bọ́ ẹran, kí a má sun ún síbẹ̀. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní òun kò mọ̀.

Gbogbo èékánná ọwọ́ ìyá mi ló bọ́, wọ́n sì tún hù. Irun náà hù, funfun ni gbogbo rẹ̀ fi jáde. Ẹsẹ̀ wọn ni kò padà sípò. Wọ́n ní bí àwọn bá tẹ ilẹ̀, bí ẹni tẹ òwú ni. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkirè báyìí, wọn kò tíì dé oko láti ìgbà náà. Mo gbé pátákó kan síbẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Àwọn ará oko ní ahun ni mí, pé irú ọmọ wo ló ń ṣọ́ ẹ̀fọ́ tí kò jẹ. Àwọn tó wá kí ìyá mi bi wọ́n ní irú àìsàn tó ṣe wọ́n. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ nítorí mi, wọn kò sì wo ibi tí mo wà.

Ọjọ́ tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn, mo lọ sí ọjà Ìkirè, mo ra ṣọkọ, mo ra ẹja. Mo sè é fúnra mi, mo ro ọkà tó rọ̀, mo bù ú fún wọn. Wọ́n wo abọ́ náà fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo kà á fún wọn, títí kan iyọ̀. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi.

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Mo bu ẹ̀fọ́ náà, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. N kò mọ ohun tó ṣe mí, mo la ẹnu kí wọ́n lè rí i pé mo ti gbé e mì lóòótọ́. Wọ́n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹun.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí láti ọjọ́ náà. Wọ́n ń bá mi ṣeré bíi tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe àdúà fún mi, wọ́n sì ń fẹ́ èémí sí mi lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á ti ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á sì máa wo ẹnu mi.